Bí A Ṣe Kọ́ Òtútù ní Agboju

Tí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ sójú títì ní Festac, kò ní yí lọ síbì kankan. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, láti kúlọ́ọ̀sì wa, ìyẹn òpópó kékeré tí ilé wa wà, títí dé Amúwo, títí dé Satellite Town. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè dàgbà, kó lọ́kọ, kó bímọ, láìgun ohun tó ga ju àtẹ̀gùn ilé alájà lọ. Òtútù ńkọ́? Òtútù tiwa ni ọyẹ́ tó máa ń fẹ́ díẹ̀ nígbà Kérésì, tí gbogbo wa á máa pariwo lé lórí kí ooru tó padà wá gba ilé rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan ní kúlọ́ọ̀sì wa sọ pé òun fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ gun òkè Òbúdù, lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Cross River, mo rò pé oòrùn ti pa á lórí.

Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti tẹrú tọmọ. Obìnrin tí mò ń wí yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀. Jọ́gíráfì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ, ó sì pẹ́ gan-an ní ìlú Jos, níbi tí wọ́n ti ń wọ súwẹ́tà nítorí òtútù, kì í ṣe nítorí fáàrí. Àǹtí ni gbogbo kúlọ́ọ̀sì ń pè é, èmi náà Àǹtí ni mò ń pè é. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ tó jẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Èmi tí mo máa ń dúró sórí bákónì fi igbe pe ọmọ tèmi títí ọ̀fun mi á fi há, ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ náà, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, asimá sì ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rákòrò. Tí àyà rẹ̀ bá há, èémí á máa fọn fèrè lọ́fun rẹ̀, ojú rẹ̀ á máa wá mi kiri. Mo ti gbé e sáré dé ọsibítù láìwọ bàtà rí. Látìgbà náà ni mi ò ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣeré mọ́. Tí òjò bá ṣú, wọ súwẹ́tà. Tí fáànù bá ń fẹ́ jù, wọ súwẹ́tà. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí oòrùn ò tíì yọ dáadáa, jókòó sínú ilé. Bàbá rẹ̀ ní lọ́jọ́ kan mo máa wọ súwẹ́tà fún ọmọ náà nídìí ààrò. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ṣé òun ló rọbí rẹ̀ ni?

Àti pé aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní Agboju. Ẹ gbọ́ o, aṣọ ọmọdé. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ ohun tó yẹ kí ọmọ wọ̀, èmi ni kí wọ́n wá bi.

Àǹtí pe àwa ìyá jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Ó ní nígbà ọlidé Ọdún Àjíǹde ni àwọn máa lọ, pé àwọn ọmọ tó ti kúrò ní kékeré ni òun fẹ́, àti pé láti oṣù Jánúárì ni wọ́n á ti máa gbaradì ní gbogbo Sátidé. Ó ní ojú ọjọ́ orí òkè kì í dúró sójú kan. Wọ́n lè jí sínú oòrùn, kí kùrukùru bo ojú ọ̀nà kí wọ́n tó jẹun tán, kí òjò dé, kí afẹ́fẹ́ dé, kí oòrùn tún yọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò bá kọ́ bí yóò ṣe tọ́jú ara rẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn kò ní bá òun lọ, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́.

Mo dìde. Mo ti gbé àwọn súwẹ́tà onífìlà kan dání láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n nípọn, wọ́n rẹwà, wọ́n ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù wọn. Mo ní mo máa dín owó wọn kù fún gbogbo ará kúlọ́ọ̀sì. Àǹtí gba ọ̀kan, ó fi ìka pa á, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Àbúrò mi, èyí dáa gan-an fún Festac. Àmọ́ òwú ni. Tí òwú bá rin lórí òkè, kò ní gbẹ mọ́ títí a ó fi padà sílé. Ẹ lọ wá kádígàn onírun àgùntàn nínú òkìrìkà. Kódà kó ti gbó, kò burú."

Háà! Níwájú gbogbo èèyàn! Èmi tí mò ń ta aṣọ tuntun, ó ń lé oníbàárà mi lọ sídìí aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ sú. Mo jókòó. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọmọ tèmi ò lọ síbì kankan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọmọ náà ò bá mi jà. Ìyẹn ni ì bá ti fu mí lára. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ, ó ní, "Mọ́mì, ṣé mo lè máa bá wọn ṣe ti Sátidé nìkan? Mi ò sọ pé mo fẹ́ lọ sórí òkè." Mo rò ó, mo ní kí ni Sátidé lè ṣe fún un nínú kúlọ́ọ̀sì wa níbí. Mo ní kó máa lọ. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló wá yíjú padà. Ó ní Àǹtí sọ pé ibì kan wà lórí òkè yẹn tí èèyàn á dúró sí, tí àwọsánmà á wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé èèyàn lè wo òjò látòkè?" Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Tí ẹ bá rí ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Nínú ooru ọ̀sán gangan, lábẹ́ igi áámọ̀ń iwájú ilé Àǹtí, àwọn ọmọ á tò, oníkálùkù pẹ̀lú báàgì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì. Ìyá kankan ò gbọ́dọ̀ bá wọn dì í. Àǹtí á fi gèlè di ojú wọn. Á wá pè é: "Rénkóòtù!" Wọ́n á ki ọwọ́ bọ báàgì, wọ́n á wá rénkóòtù jáde láìwò. "Fìlà!" "Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ!" Ẹni tó bá fa ṣòkòtò yọ dípò fìlà á tú gbogbo ẹrù rẹ̀, á tún un dì. Nísàlẹ̀ báàgì ni aṣọ tí wọ́n á wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti dé ibùsùn, ilé tí wọ́n á sùn sí lórí òkè, máa ń wà, nínú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n so ẹnu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tú u kó tó dìgbà yẹn, kódà kí òtútù máa pa á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí rìn yí kúlọ́ọ̀sì ká. Tí wọ́n bá ti ń rìn, wọ́n á bọ́ kádígàn. Tí wọ́n bá dúró, wọ́n á tètè wọ̀ ọ́ padà. Wọn kì í dúró dìgbà tí ara bá gbóná, wọn kì í dúró dìgbà tí ara bá tutù. Bọ́ ọ, wọ̀ ọ́, bọ́ ọ, wọ̀ ọ́, nínú ooru Èkó! Bàbá kan tó ń fọ mọ́tò lọ́jọ́ kan nà ró, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín báyìí?" Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Mò ń ti ojú fèrèsé wò wọ́n, mò ń pòṣé. Àmọ́ mo rí ohun kan. Ọmọ tèmi, tí mo ti ń wọṣọ fún látìgbà tí mo ti bí i, ń fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, ó ń rò ó wò, ó ń bọ́ aṣọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ti Agboju ló wá lé mi jáde. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mò ń gbé aṣọ ìjáde wò lára ọmọ oníbàárà kan, nígbà tí aládùúgbò mi tó ń ta bàtà sáré wọlé. Ó ní ẹ wá wo nǹkan o, pé tíṣà kan kó ọmọ wọnú kóòlù-rúùmù ẹlẹ́ja, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo ní ọmọ ta ni? Ó ní òun rí tèmi láàárín wọn.

Yéè! Mo fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Kóòlù-rúùmù yẹn, yàrá dídì ńlá ni, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó páálí ẹja dídì sí. Alhaja kan ló ni ín, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n níbẹ̀, ìdílé wọn ló ni gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ọjà. Alhaja jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ lẹ́rán. Mi ò kí wọn pàápàá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn.

Àǹtí ló ṣí i. Èéfín òtútù tú jáde sí mi lójú. "Wọlé, àbúrò mi," ló wí, "kí o sì ti ilẹ̀kùn, kí ẹja Alhaja má baà yọ́."

Àwọn ọmọ tò sáàárín páálí ẹja. Gbogbo wọn ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn, Àǹtí sì ti ní kí wọ́n ki apá kan bọ omi kí wọ́n tó wọlé. Apá kan rin gbindin, apá kejì gbẹ. Wọ́n kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi fi síkáàfù bo imú àti ẹnu, kí atẹ́gùn tó ń fà sínú lè kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìnhélà rẹ̀, èyí tó máa ń fín sẹ́nu tí àyà bá há, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fín in kó tó wọlé. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé bàbá rẹ̀ mọ̀ sí gbogbo ètò náà! Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ di ọ̀rọ̀ ilé.

Mo fẹ́ gbé ọmọ mi jáde. Àǹtí gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ sí mi, ó kọjú sí wọn. "Ẹ sọ fún mi, apá wo ló tutù jù?"

Ọmọkùnrin kan ké pé, "Àǹtí, apá òsì mi ti lọ! Mi ò rí i mọ́!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín, ó ń rò ó. Ó ní, "Apá tó gbẹ, ó kàn tutù ni. Apá tó rin, ó ń dùn mí."

"Ta wá ni ọ̀tá yín lórí òkè? Ṣé òtútù ni?"

"Omi ni!"

"Omi wo?"

"Omi òjò!"

"Kò ku omi mìíràn?"

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo ẹja. Ọmọ mi fa síkáàfù sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Òógùn."

Ẹ wò ó, mo ti múra ìjà wá o. Àmọ́ inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Àǹtí kò yìn ín lọ́nà àṣejù. Ó kàn mi orí, ó ní ẹni tó bá ti làágùn sínú aṣọ kí afẹ́fẹ́ tó dé ti rin náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ò kàn án. Ó ní kí wọ́n jáde. Wọ́n dúró sínú oòrùn Agboju, eyín wọn ń gbá ara wọn, gbogbo wọn ń rùn ẹja. Alhaja ní, "Ìyá ọmọ, a ò tíì gbọ́ ẹ káàsán o." Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

Nǹkan kan wà tó yé mi lọ́jọ́ náà. Mo ti ń bá òtútù jà fún ọmọ yìí láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sì sígbà kankan tí mo jẹ́ kó rí i lójúkojú. Obìnrin yìí mú un lọ bá a nílé, ó ní kó wò ó dáadáa.

Òfin kan ṣoṣo ló kù tí mi ò fara mọ́. Òfin "Ó tó" ni wọ́n ń pè é. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń rìn lọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gbé ọwọ́ sókè, kó ní "Ó tó." Gbogbo wọn á yí padà lójú ẹsẹ̀, títí kan Àǹtí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè ìdí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ráhùn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹni náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí máa ń kó wọn rìn lọ sí Amúwo, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta áísìkírímù sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ti ń rí agboòrùn obìnrin náà lọ́ọ̀ọ́kán, ni ọmọ kan bá gbé ọwọ́ sókè, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. "Ó tó." Àǹtí yí padà. Wọ́n rin gbogbo ọ̀nà yẹn padà sílé nínú oòrùn, áísìkírímù wà lẹ́yìn wọn. Ẹ ò rí ojú àwọn ọmọ! Ṣùgbọ́n wọn ò bú u. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ mìíràn tún ṣe é. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ṣe é ṣeré mọ́. Ìgbà tí bàtà bá ń gé ẹnì kan lẹ́sẹ̀ lóòótọ́, tàbí tí inú bá ń run ún, ni ẹ máa tó rí ọwọ́ lókè.

Mo lọ bá Àǹtí, mo ní, "Àǹtí, ìyà lẹ fi ń jẹ wọ́n yìí."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó nira. Ọ̀pọ̀ àgbà ò lè ṣe é. Ẹni tó bá ti rí ibi tó ń lọ ní ọ̀kánkán, ó máa ń ṣòro fún un láti gbà pé ara òun ò lè dé e. Mo fẹ́ kó ti mọ́ wọn lára kí a tó débẹ̀."

Bó ṣe di pé ọmọ mi ń lọ nìyẹn, ẹ má bi mí nígbà tí mo gbà. Mo kàn rí i pé mò ń tún okùn rénkóòtù rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan, mo sì mọ̀ pé mo ti gbà. Àmọ́ mo ní èmi náà máa lọ. Wọ́n ń wá àgbà tí yóò ran Àǹtí lọ́wọ́, mo ní èmi nìyí. Ó wò mí títí.

"Máa bọ̀, àbúrò mi. Ẹnu ẹ nìkan ni kó o fi sílẹ̀ ní Festac."

Àdéhùn wa nìyẹn. Mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ mi pé kó wọ nǹkan kan, mi ò sì gbọ́dọ̀ sọ pé kó bọ́ ọ. Tí mo bá la ẹnu bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá padà lọ jókòó sí ibùsùn wa. Bàbá ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní òun ì bá san owó láti wá wò ó.

Bọ́ọ̀sì tí a háyà gbé wa lọ, a sùn lọ́nà kí a tó débẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè gbóná bí Èkó. Ọ̀nà wá bẹ̀rẹ̀ sí lọ́, ó ń lọ́ sókè, ó ń lọ́ sókè, etí wa ń di. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ lókè, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí wò yíká. Koríko tútù ni títí lọ, òkè ń bẹ lẹ́yìn òkè, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Òtútù náà wà níbẹ̀, ó ń dúró dè wá. Kí n tó la ẹnu ni wọ́n ti wọ kádígàn wọn, gbogbo wọn pátá. Mo gbé ẹnu mi mì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn yọ, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Àǹtí ní a máa rìn lọ sí góńgó òkè kan, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti já wálẹ̀ lójijì, tí èèyàn á máa wo àwọsánmà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ò lè jẹun tán. Nígbà tí wọn ò sì jẹ́ kí n wọṣọ fún un, mo wọ̀ ọ́ fún ara mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Síńgílẹ́ẹ̀tì, búláòsì, súwẹ́tà onífìlà láti ṣọ́ọ̀bù mi, torí mo fẹ́ fi han Àǹtí pé aṣọ mi dáa, jákẹ́ẹ̀tì bàbá ọmọ mi lórí gbogbo ẹ̀. Mo tún fi ìborùn wé ọrùn.

A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọmọ fi bọ́ kádígàn. Ọmọ mi bọ́ tiẹ̀! Lórí òkè! Ó wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì lásán! Mo ya ẹnu, Àǹtí wò mí, mo sọ ọ́ di ikọ́. Ọmọ mi yíjú, ó wo jákẹ́ẹ̀tì mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ máa gbóná o."

Mo ní, "Gbájú mọ́ ọ̀nà ẹ, jàre."

Òótọ́ ni pé mo gbóná. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi, ó dé ìdí. Àmọ́ mo rò pé òtútù ṣì ń bọ̀, mo ti múra dè é. Mò ń gòkè, mò ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ojú mi ò kúrò lára ọmọ mi. Mò ń ka èémí rẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó fi síkáàfù bo imú, ó ń dúró nígbà tó bá fẹ́. Ó ń mí dáadáa ju èmi lọ.

Bí ẹní ṣẹ́jú ni ojú ọjọ́ ṣe yí. Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ láti ìsàlẹ̀, oòrùn kú, kùrukùru wá sọ́dọ̀ wa lórí koríko, ó bo àwọn tó wà níwájú. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo wo àwọn ọmọ. Wọ́n ti kúnlẹ̀ tì báàgì wọn, wọn ò sáré, wọn ò pariwo. Ọwọ́ wọn ń wọlé, ó ń jáde. Kádígàn. Fìlà. Rénkóòtù lórí ẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn bóyá bọ́tìnnì ẹnì kan ò dí. Ọmọ mi fa síkáàfù ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè sí imú rẹ̀. Àwọn ọmọ Festac! Àwọn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi áámọ̀ń! Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àǹtí kàn ń wò wọ́n, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ ń dán.

Afẹ́fẹ́ náà wá wọ inú jákẹ́ẹ̀tì mi. Súwẹ́tà òwú mi ti rin gbindin látinú wá, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn bí akísà inú omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo fi ọwọ́ há abẹ́ apá, mo pa eyín pọ̀. Àǹtí ní, "Àbúrò mi, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Ṣé èmi ni mo máa dá ọmọ ọlọ́mọ padà lójú ọ̀nà? A tún rìn. Ọmọkùnrin tó wà níwájú ké pé òun ti ń rí ibi tí ilẹ̀ parí sí. Kùrukùru là díẹ̀, èmi náà rí i. Ó kù fẹ́ẹ́rẹ́.

Ọmọ mi gbé ọwọ́ sókè. "Àǹtí, ó tó."

Ayé dúró lójú mi. Asimá! Mo sáré bá a, mò ń wá ìnhélà nínú àpò mi, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ó ní, "Mọ́mì, tèmi wà lápò." Àwọn ọmọ yòókù wo góńgó yẹn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yí padà. Ọmọkùnrin iwájú yẹn ló kọ́kọ́ yí. Kò sí ìráhùn, kò sí òṣé, kò tiẹ̀ sí ẹni tó wo ọmọ mi lójú burúkú. Mo ti bá àwọn àgbà ṣiṣẹ́ rí, mi ò rí irú ẹ̀ láàárín wọn. A ò tíì dé ìsàlẹ̀ tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa, ó mú yìnyín dání, àrá ń sán níbi tí à bá dúró sí.

Ní ibùsùn, Àǹtí ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ra, kí wọ́n wọ aṣọ gbígbẹ inú láílọ́ọ̀nù. Ó bọ́ súwẹ́tà mi fúnra rẹ̀, torí ìka mi ò lè mú síìpù. Ó fún un, omi dà sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ òwú rárá. Ó we búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ mi, ó gbé tíì gbígbóná sí mi lọ́wọ́, ó jáde lọ wo àwọn ọmọ.

Ọmọ mi wọlé wá jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Kò sí fèrè níbẹ̀. Mo tún gbé e lé e.

"Ṣé àyà ẹ ò há mọ́?"

"Àyà mi ò há rárá, Mọ́mì."

"Kí ló wá dé tó o fi gbé ọwọ́ sókè? A ti débẹ̀ tán!"

Ó ní Àǹtí sọ pé wọn kì í béèrè. Mo ní èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì Àǹtí, ìyá rẹ̀ ni mí, kó sọ ọ́. Ó wo ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fa etí búláńkẹ́ẹ̀tì mi.

"Ẹ̀yin ni mò ń wò. Ètè yín ti funfun. Àǹtí bi yín, ẹ ní kò sí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ ọ́. Mo wá bá yín sọ ọ́."

Gbogbo ọdún tí mo fi ń ka èémí ọmọ yìí, mi ò mọ̀ pé ó ń wo tèmi. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Mo ní ọmọ mi, láti Jánúárì lo ti ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn, ṣé kò dùn ọ́ ni?

Ọmọ mi kì í purọ́.

"Ó dùn mí, Mọ́mì. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń gbọ̀n."